Oòrùn Kọ́ Ló Ń Yan Ọ́ìlì fún Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ bá gbé Corolla 2006 wọ ọgbà mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ tàbí ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn pé kí wọ́n bá yín ṣe sẹ́vísì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti já ìdérí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì 20W-50 kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ tán. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe 5W-30 tí ìwé ọkọ̀ kọ, wọ́n á ní: "Ọ̀gá mi, ti òyìnbó nìyẹn. Omi lásán ni. Kò lè gba oòrùn ibí." Wọn ò parọ́ mọ́ yín. Ohun tí ọ̀gá wọn kọ́ wọn ni wọ́n ń sọ, ọ̀gá náà sì ní ìdí nígbà tirẹ̀.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó. Beetle tí a ń pè ní ìjàpá kò ní radiétọ̀ rárá. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì lítà 2.5 tó wà nínú rẹ̀ sì ń bá atẹ́gùn náà pín iṣẹ́. Bí ọ̀sán bá gbóná, ọ́ìlì á gbóná tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a lo SAE 30 (SAE ni ẹgbẹ́ tó ṣe òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) nígbà ooru, kí a sì gùn dé 40 ní ilẹ̀ tó gbóná gan-an. Lórí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, oòrùn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí ìjàpá àti 504 ló kọ́ àwọn tó ń tún Corolla ṣe lónìí, ìmọ̀ náà sì bá wọn wọ inú ọkọ̀ tí kò bá mu.

Omi ló ń tu Corolla, tẹmositáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru omi ń ṣí, ló sì ń ṣọ́ omi náà. Lórí ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla 2003 sí 2008, tẹmositáàtì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí omi bá ti tó ìwọ̀n 80 sí 84 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀ lọ, radiétọ̀ àti fáànù á máa fa omi náà sí àyíká 90, ọ́ìlì á sì wà láàárín 90 sí 110. Bó ṣe rí ní Kánò lóṣù Ẹrẹ́nà nìyẹn, bó ṣe rí ní Toronto nínú yìnyín náà nìyẹn, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán. Ooru tí ìta wa fi ju tiwọn lọ, radiétọ̀ ló ń bá a jà. Bí ọkọ̀ yín bá ń gbóná jù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, fáànù àti ìdérí radiétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹ sì bi mẹkáníìkì yín bóyá tẹmositáàtì ṣì wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ́ dànù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹmositáàtì kì í gbóná dé ibi tí omi àti epo bẹntiróò tó wọnú ọ́ìlì á ti gbẹ kúrò, ọ́ìlì á sì tètè di ẹrẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú nọ́ńbà náà. Ìdánwò méjì lórí ọ́ìlì kan ni 5W-30. Èyí tí W tẹ̀ lé ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù: ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán 5W wò, ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo ni ti 20W. Kò sí ìlú Yorùbá tó mọ òtútù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà 5W-30 àti 10W-30 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà fún ará Òṣogbo. Bí 10W-30 tó dáa ló wà lọ́jà, ẹ rà á láìfòyà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ìyẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní ìwọ̀n 100, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú òṣùwọ̀n SAE J300, 20 bẹ̀rẹ̀ láti 6.9 cSt (cSt ni a fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó), kò gbọdọ̀ dé 9.3, 30 bẹ̀rẹ̀ láti 9.3, kò gbọdọ̀ dé 12.5, 40 bẹ̀rẹ̀ láti 12.5, kò gbọdọ̀ dé 16.3; 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, kò gbọdọ̀ dé 21.9. Ẹni tó bá da 50 sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 30 ti fún un ní ọ́ìlì tó ki fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ìyẹn ní ìwọ̀n 100 o. Ògì gbígbóná ń ṣàn, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Bẹ́ẹ̀ lọ́ìlì rí. Ní ìwọ̀n 40, 5W-30 tó wọ́pọ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 60 cSt, 20W-50 á wà ní nǹkan bíi 160. Aago mẹ́fà àárọ̀ l'Ékòó kì í gbóná tó 40. Ìwọ̀n 25 tàbí 27 ló sábà máa ń jẹ́, àlàfo àárín àwọn méjèèjì á sì tún fẹ̀ sí i. Ibi tí oòrùn ti ń tan èèyàn gan-an nìyí: àárọ̀ tó gbóná lára tiwa, òtútù ni lójú ọ́ìlì.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Ọ́ìlì ti ṣàn padà lóru sínú sọ́ǹpù, abọ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù á fà á gba inú asẹ́, á tì í gba inú fílítà, lẹ́yìn náà á lọ sí àwọn bẹ́rìn tó gbé kiráńkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) dúró, kó tó gun òkè lọ bá káḿṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì). Àlàfo tó wà láàárín bẹ́rìn àti kiráńkì jẹ́ nǹkan bíi milimítà 0.02 sí 0.05. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, irin á sì máa fara kan irin títí yóò fi dé. Bó bá tún ki jù fún bébà inú fílítà, fáàfù kékeré kan nínú fílítà náà á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má bàa wà láìní ọ́ìlì, èyí tí a kò sẹ́ á sì kọjá lọ sínú bẹ́rìn tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ẹ bá so géèjì préṣọ̀ mọ́ ọn, préṣọ̀ á ga, inú mẹkáníìkì á dùn. Préṣọ̀ tó ga lówùúrọ̀ ń sọ pé ọ́ìlì ń wá ọ̀nà tí yóò gbà kọjá ni.

Lórí Toyota tó ní VVT-i, ìyẹn ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, wàhálà náà ní kóòdù. Ọ́ìlì kì í kàn ń fọ ẹ́ńjìnnì lára níbẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń pàṣẹ fún fáàfù kan tí iná ń darí, fáàfù yẹn á rán ọ́ìlì sínú jíà tó wà lórí káḿṣáàfù, ọ́ìlì náà ló máa yí káḿṣáàfù síwájú tàbí sẹ́yìn bí ìrìn bá ṣe ń béèrè. Asẹ́ wẹ́wẹ́ kan wà lọ́nà fáàfù náà. Bí ọ́ìlì bá ki tàbí tó ti ń di ẹrẹ̀, jíà á pẹ́ kó tó dáhùn, iná Check Engine á tàn pẹ̀lú P0011 tàbí P1349. Ọkọ̀ á máa fà, epo bẹntiróò á máa tètè tán. Rewáyà á ta sẹ́ńsọ̀ fún yín, iná á kú, á sì tún tàn. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ yọ fáàfù náà, bóòtì kan ṣoṣo tó ń gba sípánà 10 ló dè é. Ẹ fọ òun àti asẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ afúnfún tí a fi ń fọ kábúrétọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì sí èyí tí ìwé kọ. VTEC, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti Honda, agbára ọ́ìlì lòun náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó ń fa ṣéènì táímù le nínú ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE pẹ̀lú, ọ́ìlì ló ń tì í. Bí ṣéènì bá ń dún wàrà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárọ̀, tó wá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tó wà nínú sọ́ǹpù.

Ní ti lítà, gálọ́ọ̀nù lítà 4 ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́, torí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ láìwo géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Corolla 2003 sí 2008 ń gba 5W-30, lítà 3.7 bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà. Corolla 2009 sí 2013 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8 ń gba 0W-20, lítà 4.2. Camry Big Daddy 2.4, lítà 3.8. Camry Muscle 2.4, lítà 4.3, gálọ́ọ̀nù kan kò tó o. Sienna 2004 sí 2006, 5W-30, lítà 4.7. Honda Accord 2.4 tí a ń pè ní End of Discussion, 5W-20, lítà 4.2. Àárín àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè lórí géèjì máa ń tó nǹkan bíi lítà kan, nítorí náà ẹni tó da lítà 4 péré sínú Sienna ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ kó tó jáde nínú ọgbà.

Kí la wá fẹ́ ṣe sí 0W-20, èyí tó ń dẹ́rù ba èèyàn jù? Apá kan ìdí tí wọ́n fi yàn án ni òfin ìṣọ́-epo-lò ní Amẹ́ríkà. Ìwé Toyota fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lè dára jù bí ọkọ̀ bá ń sá eré púpọ̀ tàbí tó ń gbé ẹrù wúwo. Ẹni tó ń fi Corolla 2010 kó èrò mẹ́rin àti ẹrù láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti wọ inú gbólóhùn yẹn. Èmi ò ní bá a jà bó bá lo 5W-30. Bó bá fò dé 50, mo máa bá a jà. Àmọ́ ẹni tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìkẹjà dé Yábà, tí 0W-20 gidi sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, kí ló ń sá fún?

Èyí tó burú ju nọ́ńbà tó ṣì lọ ni lẹ́tà tó ti gbó. Ẹ yí gálọ́ọ̀nù padà, ẹ wá API ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi lẹ́tà sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S ni ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróò: SL bá ọkọ̀ 2004 sẹ́yìn mu, SM bá ti 2010 sẹ́yìn, SN bá ti 2020 sẹ́yìn. SP jáde ní 2020, ó sì ń ṣe iṣẹ́ gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. API fúnra wọn kọ ọ́ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, pé SA kò sì yẹ fún ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. 1930 o! Síbẹ̀ gálọ́ọ̀nù tó ń dán gbinrin lè wà lórí káńtà pẹ̀lú SF tí wọ́n kọ wínníwínní sí ìsàlẹ̀. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, 10W-40 tó jẹ́ SN gidi ni màá dà sínú Corolla kí n tó da 5W-30 tó jẹ́ SF. Bí owó bá fẹ́ dín, ẹ dín in lórí orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ má ṣe dín in lórí lẹ́tà.

Fún Mercedes àti àwọn ìbátan rẹ̀, SAE àti API kò tó. Ìwé wọn máa ń dárúkọ ìwé-ẹ̀rí tiwọn, bíi MB 229.5, nọ́ńbà yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù. Díísù ni ti lẹ́tà C. Fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo díísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ bá pọ̀, 15W-40 CI-4 ṣì ni mo fọkàn tán, torí ó ní èròjà tó ń pa ásíìdì dáadáa. Bí ọ́ìlì díísù bá dúdú lọ́jọ́ kejì, ẹ má bẹ̀rù. Èéfín ló ń kó mọ́ra, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi gbá wa lẹ́nu: "Ẹ́ńjìnnì ti gbó, ó ń mu ọ́ìlì, 50 nìkan ló lè dá a dúró." Ó máa ń dá a dúró díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó jáde nígbà tí ẹ tan ọkọ̀ láàárọ̀ tó sì lọ, síìlì fáàfù ni. Èyí tó ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ríǹgì ni. Bí kò bá sí èéfín, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó máa wò ó sàn.

Muscle 2.4 ti 2007 sí 2009 ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Ríǹgì tó ń nu ọ́ìlì lára sìlíńdà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbin á dí i, ọ́ìlì á máa jóná. Toyota mọ̀ ọ́n. Ní 2011 wọ́n kọ ìlànà fún àwọn oníṣẹ́ wọn pé bí ó bá ń mu ju kúọ́ọ̀tì kan lọ láàárín máìlì 1,200, ìyẹn bíi lítà kan láàárín kìlómítà 2,000, kí wọ́n pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni da 50 sí i. Bí owó ríǹgì kò bá tíì sí, ẹ gùn ún ní ìpele kan ṣoṣo, láti 30 sí 5W-40 tàbí 10W-40, kí ẹ sì máa wo géèjì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo. Èyí tó ń pa Muscle ni pé ọ́ìlì á tán nínú rẹ̀ láìsí ariwo, iná pupa kì í sì tàn títí préṣọ̀ á fi já. Bí iná pupa náà bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ọkọ̀ dúró, kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, kí wọ́n so géèjì préṣọ̀ gidi síbẹ̀. Òfin inú ọgbà ni psi 10 (psi ni a fi ń wọn préṣọ̀) fún gbogbo RPM 1,000, ìyẹn ìgbà 1,000 tí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì tó tọ́, bẹ́rìn tàbí pọ́ǹpù ni, 50 á kàn bo ojú rẹ̀ títí yóò fi nọ́kì.

Bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ yín bá ti mu 20W-50 fún ọdún mélòó kan, ẹ lè padà sí ti ìwé, ṣùgbọ́n ẹ mú un díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì tuntun tó dáa ń fọ nǹkan. Ẹrẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí sẹ́vísì méjì àkọ́kọ́ má kọjá kìlómítà 2,500 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fílítà tuntun nígbà méjèèjì. Ẹ má gbà kí wọ́n da kẹrosíìnì tàbí díísù sínú ẹ́ńjìnnì láti fi fọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í jáde tán, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì sọ ọ́ìlì tuntun tí ẹ fowó rà di omi. Síìlì tó ti gbó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ló ń dí i.

Ẹ ṣe sẹ́vísì náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sípánà 14 ló ń tú bóòtì ìdí sọ́ǹpù Toyota, 17 ni ti Honda. Ẹ wo fílítà àtijọ́ bóyá rọ́bà rẹ̀ bá a jáde, torí bó bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì fi tuntun lé e, gbogbo ọ́ìlì lè dà sílẹ̀ lójú títì. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun náà, ọwọ́ sì ni kí wọ́n fi de fílítà. Nínú Corolla, kí wọ́n da lítà 3.5 sí i ná, kí wọ́n tan án fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wo géèjì. Ọ́ìlì tó kọjá àmì òkè gan-an, kiráńkì á máa nà án títí á fi yọ fóòmù, pọ́ǹpù á sì máa fa atẹ́gùn.

Ẹ mú gálọ́ọ̀nù òfìfo náà dání, tàbí kí ẹ fi ọ̀bẹ la ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń ra òfìfo tó ṣì dán, wọ́n á rọ kọ́ńdẹ́m, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, tí wọ́n ti sẹ́ tí wọ́n sì pa láró sínú rẹ̀. Àwọ̀ kò lè tú wọn fó, torí aró lè sọ ọ́ìlì di pupa tàbí kó mú un mọ́ bí oyin. Ìdérí tí òrùka rẹ̀ kò tíì já àti nọ́ńbà ìpele tó ṣeé kà ló sàn díẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tààrà ló sàn jù.

Ẹ má da èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ọ̀kadà ọmọ yín. Kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà wà nínú ọ́ìlì kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èròjà tó ń mú ọ́ìlì ọkọ̀ yọ̀ fún ìdínkù epo lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ pẹ̀lú. JASO MA tàbí MA2, òṣùwọ̀n àwọn ará Japan fún ọ́ìlì ọ̀kadà, ni kí ẹ wò lára tirẹ̀. Lórí Bajaj, 20W-50 tọ́, ìwé rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ní ti ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, màá fi kìlómítà 5,000 sí i fún ọkọ̀ tó ń gbé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, torí wákàtí mẹ́ta lórí Third Mainland kò fi nǹkan gidi kún nọ́ńbà ìrìn, ẹ́ńjìnnì sì ti ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó ń lo ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì gidi lójú ọ̀nà jíjìn lè dé 8,000. Ẹ kọ gíréèdì (bíi 5W-30), lẹ́tà API àti nọ́ńbà ìrìn sórí tépù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́: tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ń ka máìlì, 5,000 tirẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 8,000. Ẹni tó fẹ́ ṣe sẹ́vísì ní gbogbo kìlómítà 5,000, máìlì 3,100 ni kó fi kún un.